Láti ẹ̀ka ọrọ̀ ajé dé àga olóòtú àgbà: kí ni Martin Baron gbé dání?

Akọ̀wé Agboolé kọ̀wé pé:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará wa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan sọ níbí pé akọ̀ròyìn tó bá ti ẹ̀ka ọrọ̀ ajé wá kò lè di olóòtú gidi fún ìwé ìròyìn gbogboogbò, nítorí pé iye owó epo rọ̀bì àti ìpín ìdókòwò nìkan ni ojú rẹ̀ mọ̀. N kò fèsì ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé mo mọ ọkùnrin kan tí ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ ta ko ọ̀rọ̀ yẹn. Martin Baron ni orúkọ rẹ̀, ará Amẹ́ríkà ni, ó sì ti fi ẹ̀yìn tì báyìí.

Ìlú Tampa ní ìpínlẹ̀ Florida ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1954. Ní Yunifásítì Lehigh, ọdún kan náà, 1976, ni ó gba oyè nínú iṣẹ́ ìròyìn àti oyè gíga nínú ìṣàkóso okòwò. Ìwé ìròyìn Miami Herald ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún yẹn, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gbé e sí ìròyìn okòwò. Ó lọ sí Los Angeles Times ní ọdún 1979, nígbà tó sì di ọdún 1983 wọ́n fi í ṣe olóòtú ẹ̀ka ọrọ̀ ajé níbẹ̀, kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó lọ sí New York Times ní ọdún 1996, ó sì padà sí Miami gẹ́gẹ́ bí olóòtú àgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000.

Kò tíì lo oṣù mẹ́rin lórí àga náà tí ọ̀rọ̀ Elián González fi gbóná. Ọmọdékùnrin ará Kúbà yìí ni wọ́n rí lójú òkun ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ ti bómi lọ. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní Miami kò fẹ́ kí ó padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì fi ìbọn wọlé mú un ní ìdájí ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2000. Ìròyìn ọjọ́ náà ni Herald fi gba ẹ̀bùn Pulitzer, ẹ̀bùn iṣẹ́ ìròyìn tó lókìkí jù lọ ní Amẹ́ríkà.

Ìtàn kejì láti Miami ni ó wù mí jù, bẹ́ẹ̀ ni kò gbajúmọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 2000, ìbò 537 péré ni wọ́n kéde pé George W. Bush fi ju Al Gore lọ ní Florida, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dá àtúnkà dúró. Herald lọ háyà ilé-iṣẹ́ oníṣirò owó tó ń jẹ́ BDO Seidman, pé kí wọ́n dé gbogbo ìbílẹ̀ 67 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà, kí wọ́n sì máa wo ìwé ìbò tí ẹ̀rọ kò rí àmì fún ààrẹ lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìbò náà lé ní 60,000. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ síta ní oṣù kẹrin ọdún 2001, wọ́n sọ pé bí a bá lo òṣùwọ̀n tó rọ̀ jù lọ, tí a ka gbogbo àmì kékeré mọ́ ọn, Bush ni ì bá ṣì borí, tí yóò sì fi ìbò 1,665 ṣíwájú. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá ti bá ìwé ìṣirò owó gbé rí kò ní tètè ronú pé oníṣirò owó ló yẹ kí a rán lọ wo ìwé ìbò.

Ohun tí mo rò pé ó gbé kúrò ní ẹ̀ka ọrọ̀ ajé kò ju ìbéèrè kan lọ: níbo ni ìwé rẹ̀ wà? Mo ń bọ̀ wá sọ ti Boston, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu yín.


Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kọ̀wé pé:

Akọ̀wé, ẹ ṣeun. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní ẹ̀ka ọrọ̀ ajé ìwé ìròyìn kan ní Èkó, mo sì lè jẹ́rìí sí ohun tí ẹ sọ nípa ìwé. Akọ̀ròyìn ọ̀rọ̀ òṣèlú lè gbé ọ̀rọ̀ ẹnu jáde láìsí ìyọnu: "Gómìnà sọ báyìí, alátakò rẹ̀ fèsì báyìí," ìròyìn ti parí nìyẹn. Ní tiwa, bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan bá ní èrè òun lọ sókè, ìwé ìṣirò owó ọdún náà ni olóòtú wa máa ń kọ́kọ́ béèrè. Bí a kò bá mú un wá, ìròyìn náà kò ní jáde. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Iṣẹ́ wa ni láti lọ wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà náà gan-an.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a fi ẹ̀ka wa gún orí òkè ju bó ti yẹ lọ. Láàárín wa náà ni mo ti rí àwọn tí ọdún mẹ́wàá wọn kún fún ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́, tí wọ́n kàn ń yí orí rẹ̀ padà, tí wọ́n sì ń gba owó ọkọ̀ nídìí rẹ̀. Ẹ̀ka náà nìkan kò lè sọ ènìyàn di Baron.


Akọ̀wé Agboolé kọ̀wé pé:

Òótọ́ pọ́nńbélé ni, ẹ̀gbọ́n. Ó dára, Boston rèé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2001, ni ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ Baron gẹ́gẹ́ bí olóòtú Boston Globe. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, Eileen McNamara, tó ń kọ àkànṣe èrò nínú ìwé ìròyìn náà, ti kọ̀wé nípa John Geoghan, àlùfáà ìjọ Àgùdà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó ń bá àwọn ọmọdé ṣe ìṣekúṣe. McNamara sọ pé ó ṣeé ṣe kí a má mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà láé, nítorí pé ilé-ẹjọ́ ti fi èdìdì dí àwọn ìwé ẹjọ́ náà. Ní ìpàdé òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, nígbà tí àwọn olóòtú ti sọ gbogbo ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ tán, àlejò náà béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nípa Geoghan. Wọ́n ní wọ́n ti fi èdìdì dì í. Ó ní ṣé wọ́n ti ronú láti lọ sí ilé-ẹjọ́ kí wọ́n bá wọn tú èdìdì náà ni?

Florida ni ó ti ń bọ̀, níbi tí òfin ti gba ará ìlú láyè gidigidi láti wo ìwé ìjọba. Ìdí nìyí tí ìdáhùn wọn fi yà á lẹ́nu. Globe pẹjọ́ ní oṣù kẹjọ. Adájọ́ Constance Sweeney dá wọn láre ní oṣù kọkànlá, ìjọ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣùgbọ́n pàbó ló já sí, àwọn ìwé náà sì jáde ní oṣù kìíní ọdún 2002. Ní àkókò kan náà, ẹgbẹ́ oníwàádìí tí wọ́n ń pè ní Spotlight, tí Walter Robinson ń darí, ti ń ṣa ìwé àkọsílẹ̀ ọdọọdún tí ìjọ fi ń to orúkọ àwọn àlùfáà, tí wọ́n ń wo àwọn tí wọ́n kọ "ìsinmi àìsàn" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn, tí wọ́n sì ń kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ìròyìn àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 2002. Ó ní ènìyàn tó lé ní 130 ni wọ́n ti jáde wá sọ pé Geoghan fọwọ́ kan àwọn nígbà èwe, láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ń gbé e káàkiri ìjọ mẹ́fà. Kí ọdún náà tó parí, ìròyìn tí Globe kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ti tó nǹkan bí 600, Kádínà Bernard Law, tó jẹ́ olórí ìjọ Àgùdà ní Boston, sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá.

Ohun kan tó sọ fún wọn ni mo kà sí iṣẹ́ olóòtú gan-an. Ó ní kí wọ́n má ṣe lépa àlùfáà kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n wá ẹ̀rí bóyá ó jẹ́ ìlànà àwọn aláṣẹ ìjọ pé kí a máa bo irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, kí a sì máa gbé e kiri. Akọ̀ròyìn ọrọ̀ ajé ni ó máa ń wo ilé-iṣẹ́ báyìí: kò ní dúró lórí akọ̀wé kékeré tó jí owó nígbà tí kò tíì mọ bí àwọn ọ̀gá ṣe fi àyè sílẹ̀ fún un.


Ìyá Tóyìn kọ̀wé pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà ní Massachusetts ní ọdún náà, Àgùdà sì ni mí láti inú ilé bàbá mi ní Ìbàdàn. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 6 oṣù kìíní yẹn, ọjọ́ àjọ̀dún Ìfarahàn Olúwa. Nígbà tí a jáde láti ibi ìsìn Máàsì ni mo rí ìwé ìròyìn náà lọ́wọ́ ọkùnrin kan nínú ọgbà ìjọ, ó ká a mọ́ abẹ́ apá bí ẹni tó gbé ohun ìtìjú. Inú bí púpọ̀ nínú wa, ìwé ìròyìn ni a sì kọ́kọ́ bínú sí. Àwọn kan ní Júù ni olóòtú tuntun náà, pé kò sí ohun tó mọ̀ nípa wa, pé ó wá fi ẹ̀sìn wa ṣe ẹlẹ́yà ni. Mo gbà wọ́n gbọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí tí mo fi jókòó ka lẹ́tà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù fi ọwọ́ ara wọn kọ, nítorí pé Globe gbé àwọn ìwé náà síta kí gbogbo ènìyàn lè kà á fúnra wọn. Ó rọrùn fún mi láti bá akọ̀ròyìn jiyàn, ṣùgbọ́n n kò rí bí mo ṣe lè bá àmì ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù jiyàn.

Àwọn àgbà ní àlejò a máa lójú, ṣùgbọ́n kì í fi ríran. Ní ti ọkùnrin yìí, àlejò ni ó ríran, àwa onílé la ti dijú láti ọjọ́ pípẹ́.


Ẹlẹ́nu Ṣámúṣámú kọ̀wé pé:

Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n mo rò pé ìyìn náà ti ń pọ̀ jù. Ní oṣù kẹta ọdún 2001, kí Baron tó mọ ọ̀nà Boston, Kristen Lombardi ti kọ ìròyìn gígùn lórí Geoghan àti Kádínà Law nínú Boston Phoenix, ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí kò ní owó bíi ti Globe. McNamara ni ó sì kọ àkànṣe èrò tí Baron kà. Robinson, Michael Rezendes, Sacha Pfeiffer àti Matt Carroll ni wọ́n rìn láti ilé dé ilé. Iṣẹ́ tí olóòtú ṣe kò ju pé ó béèrè ìbéèrè kan nínú ìpàdé lọ, nígbà tí Spotlight, sinimá tí wọ́n ṣe lórí ìtàn yìí, sì gba Oscar ní ọdún 2016, ó di akọni.


Akọ̀wé Agboolé kọ̀wé pé:

Àbúrò, ẹ kò purọ́, ó sì dára bí ẹ ṣe dárúkọ Lombardi. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ẹ̀rí wo ni Phoenix kò ní, tí Globe ní? Ìwé tí ilé-ẹjọ́ tì pa ni. Ẹni tí yóò bá ìjọ tó lágbára jù lọ ní ìlú náà ṣe ẹjọ́ gbọ́dọ̀ ní owó agbẹjọ́rò lọ́wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn pé òun lè pàdánù. Olóòtú ni ó ní àṣẹ láti ná owó bẹ́ẹ̀. Inú ìwé ìròyìn tiwọn fúnra wọn ni McNamara ti kọ̀wé ní ọjọ́ Àìkú, síbẹ̀ wọ́n ní ìwé náà tì, ó ti parí. Ìbéèrè kan ṣoṣo náà kò kéré lójú mi.


Kọ́lá-ń-kọ̀wé kọ̀wé pé:

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹlòmíràn wá sí àárín, nítorí pé Baron nìkan kò tó láti fi dájọ́. Lionel Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gba oyè okòwò kankan. Èdè Jámánì àti ìtàn ni ó kọ́ ní Oxford. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní The Scotsman ní ọdún 1978, ó kọ ìròyìn okòwò fún Sunday Times, ó wọ Financial Times ní ọdún 1985, ó sì jẹ́ olóòtú rẹ̀ láti ìparí ọdún 2005 títí di oṣù kìíní ọdún 2020, nígbà tí Roula Khalaf gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Lásìkò rẹ̀ ni Dan McCrum bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lórí Wirecard, ilé-iṣẹ́ Jámánì tó ń bá àwọn oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé ìṣirò owó rẹ̀ kò dọ́gba. Nígbà tí ìròyìn tuntun jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, dípò kí BaFin, àjọ tó ń mójú tó ọjà owó ní Jámánì, lọ yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ náà wò, ńṣe ni ó ka títa ìpín ìdókòwò Wirecard ní àyálò (ìyẹn kí ènìyàn yá ìpín tà, pẹ̀lú ìrètí pé iye rẹ̀ yóò já wálẹ̀) léèwọ̀ fún oṣù méjì, tí ó sì fi àwọn akọ̀ròyìn náà sùn pé wọ́n ń bá àwọn aláròóbọ̀ gbìmọ̀ pọ̀.

Ẹ fojú inú wo ipò tí olóòtú wà. Ìjọba orílẹ̀-èdè ńlá kan ń fi ẹ̀sùn kan àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣe àṣìṣe, iyì ìwé ìròyìn náà ti wọmi. Barber ní kí ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan láti ìta yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ wò; nígbà tí wọn kò rí ẹ̀rí ìgbìmọ̀pọ̀ kankan, ó fún wọn láṣẹ kí wọ́n máa bá a lọ, ní oṣù kẹwàá wọ́n sì gbé àwọn ìwé inú ilé-iṣẹ́ náà jáde. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, Wirecard fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó ṣeé ṣe kí Yúrò bílíọ̀nù 1.9 tó wà nínú ìwé òun má sí rárá. Barber ti fi àga sílẹ̀ nígbà náà.


Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kọ̀wé pé:

Kọ́lá, ẹ ti rán mi létí apá kejì tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Ẹni tó mọ ìṣirò ni wọ́n tún máa ń fi ọ̀bẹ lé lọ́wọ́. Lẹ́yìn gbogbo ìyìn Boston yẹn, owó ìpolówó ọjà ń sá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, Baron sì ni olóòtú nígbà tí Globe kéde ní ọdún 2007 pé òun yóò ti ọ́fíìsì Jerúsálẹ́mù, Berlin àti Bogotá pa, tí kò fi ku ẹyọ kan ní òkè òkun. Ní ọdún 2009, New York Times Company tó ni Globe nígbà náà halẹ̀ pé òun yóò tì í pa bí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò bá yọ̀ǹda owó àti àjẹmọ́nú tó tó dọ́là mílíọ̀nù 20. Bí mo ṣe rí i, iṣẹ́ ìwádìí ni ó dáàbò bò nígbà tó ń gé ìyókù, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n gé kò ní fi ìyẹn yó.

Ìyàtọ̀ ńlá ni Washington Post jẹ́. Ó dé ibẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2013, ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni wọ́n kéde pé Jeff Bezos, olùdásílẹ̀ Amazon, ti ra ìwé ìròyìn náà ní dọ́là mílíọ̀nù 250, láti ìgbà náà ni ó sì ti ní owó láti gba ènìyàn síṣẹ́. Nígbà tó fi ń fẹ̀yìn tì ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, yàrá ìròyìn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.


Ẹlẹ́nu Ṣámúṣámú kọ̀wé pé:

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn. Ní Post, ní ọdún 2015, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ènìyàn tí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà yìnbọn pa, nítorí pé iye tí FBI ń kọ sílẹ̀ kò tó ìdajì òtítọ́. Fún ọdún yẹn nìkan, iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Ìṣirò ni, Akọ̀wé, inú yín á dùn. Wọ́n sì fi gba Pulitzer ní ọdún 2016. Wesley Lowery wà lára àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yẹn. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú yìí kan náà kúrò ní Post ní ọdún 2020 lẹ́yìn àríyànjiyàn pẹ̀lú Baron lórí ohun tó ń kọ sórí Twitter. Baron fẹ́ kí akọ̀ròyìn pa èrò ara rẹ̀ mọ́. Lowery ní ohun tí wọ́n ń pè ní àìṣègbè jẹ́ ojú ìwòye àwọn olóòtú aláwọ̀ funfun. Ṣé ìwé ìṣirò owó dáhùn ìyẹn?


Akọ̀wé Agboolé kọ̀wé pé:

Kò dáhùn rẹ̀, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé ó dáhùn rẹ̀. Baron ni ó sọ nípa ìjọba Trump ní ọdún 2017 pé àwọn kò sí lójú ogun, pé ẹnu iṣẹ́ ni àwọn wà. Gbólóhùn yẹn dára fún olóòtú tó ń bá ààrẹ kojú. Fún ọmọ iṣẹ́ tí àwọn tó jọ ọ́ ń kú lójú títì, mo gbà pé ó lè dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó síbi tó tutù. Níbẹ̀ ni mo fara mọ́ yín, àbúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fẹ́ kí akọ̀ròyìn mi máa bá ènìyàn jà lórí Twitter.


Ọ̀dọ́ Akọ̀ròyìn kọ̀wé pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Oṣù mẹ́jọ péré ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ka ọrọ̀ ajé sì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bá mi kẹ́dùn bí ẹni tí wọ́n rán lọ sí ìgbèríko. Lẹ́yìn tí mo ka ohun tí ẹ kọ, mo gba ìwé ìṣirò owó ọdún tó kọjá ti ilé-iṣẹ́ kan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ní alẹ́ àná. Ojú ìwé rẹ̀ lé ní 200. Àwòrán àwọn olùdarí ni mo wò dé ojú ìwé 40, oorun sì gbé mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?


Bàbá Àkáǹtì kọ̀wé pé:

Ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná láì dá sí i, nítorí pé oníṣirò owó ni mí, n kì í ṣe akọ̀ròyìn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tìrẹ jẹ́ tèmi. Fi àwòrán sílẹ̀, fi lẹ́tà alága náà sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, níbi àwọn àlàyé tí wọ́n fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ. Wá ibi tí wọ́n ti kọ iye tí ilé-iṣẹ́ náà san fún àwọn olùdarí rẹ̀ àti fún ilé-iṣẹ́ mìíràn tó jẹ́ ti àwọn olùdarí kan náà, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo ìwé ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀, kí o sì wo bóyá àkọlé ibẹ̀ ti yí padà. Bí o bá rí i pé wọ́n da ìlà méjì pọ̀ di ẹyọ kan láì sọ ìdí rẹ̀, padà wá síbí, kí o sọ fún mi.